Brooklands ní Weybridge: mọ́tò àtijọ́, bàálù ogun, àti VC10 tó gbé wa dé Èkó

Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ ṣahun owó tíkẹ́ẹ̀tì Brooklands, musíọ̀mù mọ́tò àti bàálù. Ó lé ní ogún pọ́ùn fún àgbàlagbà, kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n owó náà kò ṣòfò. Mẹkáníìkì ni mí. Mushin ni mo ti kọ́ṣẹ́, lórí Píjò 504 àti mólúè, kí n tó wá di ẹni tó ń tún bọ́ọ̀sì ṣe ní London. Ojú oníṣẹ́ ọwọ́ ni mo fi wo ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde, tí a jọ lọ, ojú èrò ọkọ̀ ni tiwọn.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Waterloo, kò tó wákàtí kan tí ẹ ó fi dé Weybridge ní Surrey. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fẹsẹ̀ rìn dé musíọ̀mù náà. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, kó wọ takisí.

Hugh Locke King ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ pápá eré mọ́tò síbẹ̀ lórí ilẹ̀ ara rẹ̀ lọ́dún 1907, òun sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì kọ́ fún eré mọ́tò ní gbogbo ayé. Kọnkéré ni. Níbi tí pápá náà ti ṣẹ́ kọ́nà, wọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga sókè tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, kí mọ́tò tó ń sáré burúkú má baà fò sínú igbó. Ó ti sán káàkiri, koríko ti hù jáde nínú rẹ̀, àmọ́ apá tó kù ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ lè dúró sí, kí ẹ gbójú sókè wò ó. Eré parí lọ́dún 1939 nígbà tí ogun Hitler dé, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù níbẹ̀ nìkan ló kù.

Mọ́tò tó gba ọkàn mi ni Napier-Railton. Òun ni John Cobb fi yí pápá náà po lọ́dún 1935 lórí eré máìlì 143.44 ní wákàtí kan, kò sì sẹ́ni tó lè bá a dọ́gba títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa. Ẹ́ńjìnnì bàálù ni wọ́n gbé sínú rẹ̀: Napier Lion, sílíńdà méjìlá tí wọ́n tò ní ìlà mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin. Nǹkan bíi lítà mẹ́rìnlélógún ni. Píjò 504 tí gbogbo wa fi ń na Èkó sí Ìbàdàn, tó sì ń kó èrò àti ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ, kò ju lítà méjì lọ. Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín: táyà ẹ̀yìn nìkan ló ní bíréèkì. Mo lóṣòó, mo wo abẹ́ iwájú rẹ̀ dáadáa, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀gá mi ní Mushin ì bá ní kí ẹni tó ni irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ kọ ìwé ìhágún rẹ̀ kó tó ṣíná sí i.

Ohun tí mo torí ẹ̀ lọ gan-an ni Wellington, bàálù ajubọ́ǹbù tí wọ́n ń pè ní "R for Robert". Wọ́n ṣe Wellington tó lé ní 11,400 lápapọ̀, Weybridge níbí ni wọ́n sì ti ṣe èyí tó lé ní 2,500 nínú wọn. Barnes Wallis ló gbèrò bí wọ́n ṣe to egungun rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n dábùú ara wọn láti orí dé ìdí bí ìgbà tí èèyàn bá hun agbọ̀n, wọ́n wá fi aṣọ bò ó lóde. Bí ọta bá gé apá kan, èyí tó kù á ṣì gbé ẹrù náà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń padà délé pẹ̀lú ihò lára. Aṣọ kò sí lára púpọ̀ nínú èyí tó wà níbẹ̀, ẹ ó sì rí egungun náà kedere. Mo pẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ wá àga jókòó.

Ìtàn bàálù náà le. Ní oṣù Kejìlá 1939, ó wà lára àwọn tó lọ kọlu ọkọ̀ ogun Jámánì ní ọ̀sán gangan nítòsí Heligoland. Ju ìdajì wọn lọ ni kò padà, èyí padà. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1940 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kan kú lókè Scotland, tí ọ̀gá awakọ̀ fi balẹ̀ sórí adágún Loch Ness. Ọkùnrin tó ń yìnbọn nídìí rẹ̀ ti bẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, páráṣúùtì rẹ̀ kò sì gbà á. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń wá ẹranko abàmì inú adágún ni wọ́n rí bàálù náà lọ́dún 1976, wọ́n sì fà á jáde ní 1985. Nígbà tí wọ́n so bátìrì mọ́ ọn, iná ẹ̀yìn rẹ̀ tàn! Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gílóòbù tí kì í lo oṣù kan, ó dọwọ́ yín.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò ó títí.

"Èyí ni wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù lé ọmọ ọlọ́mọ lórí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló wá ń dùn mọ́ ọ nínú tó bẹ́ẹ̀?"

Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ ni. Mo sọ fún wọn pé àwọn tó ń ṣe é náà jẹ nínú rẹ̀: ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án 1940, bàálù Jámánì ju bọ́ǹbù sí ilé iṣẹ́ náà, òṣìṣẹ́ tó lé ní ọgọ́rin sì kú. Wọ́n mi orí, wọn ò dá mi lóhùn. N kò rò pé ìdáhùn mi tó.

Nígbà tí a dé ìdí VC10, bàálù akérò, ni ara wọn tó yá gágá. Weybridge ni wọ́n ti ṣe òun náà, ẹni tó bá sì mọ ìtàn wa kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀: ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin 1964 ni BOAC, ilé iṣẹ́ bàálù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kọ́kọ́ fi í kó èrò tó sanwó, Èkó ló sì gbé wọn lọ láti London. Torí ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ṣe kó ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìdí rẹ̀. Ìyẹ́ tí kò gbé ẹ́ńjìnnì máa ń tètè gbéra ní pápá tí oòrùn ti mú tàbí tó wà lórí òkè, bíi Kano àti Nairobi.

"Òun ni mo wọ̀ wá síbí ní 1966," ni wọ́n wí. "Kóòtù ni mo wọ̀, táì sì fún mi lọ́rùn láti Ìkẹjà dé Heathrow. Ariwo ò sí. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ló gbọ́ ọ."

Bàbá òyìnbó kan tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ níbẹ̀ gbọ́ wa, ó ní òótọ́ ni. Àwọn méjèèjì wá di ọ̀rẹ́, mo di ògbufọ̀. Èyí tí ẹ lè wọ inú rẹ̀ jẹ́ ti Sultan ilẹ̀ Oman tẹ́lẹ̀, àga ọlá ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó wò, wọ́n ní àwọn ò rí irú ẹ̀ lọ́jọ́ náà o. Wọ́n tún rántí VC10 ti Nigeria Airways tó já nítòsí Èkó ní oṣù Kọkànlá 1969, tí èèyàn 87 bá a lọ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n tó tún béèrè ibi tí ilé ìtura wà.

Concorde, bàálù akérò tó ń sáré ju ìró lọ, náà wà níbẹ̀. Ó dára, ó gùn, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹ lo àkókò púpọ̀ nídìí rẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún London Bus Museum tó wà nínú ọgbà kan náà: láti bọ́ọ̀sì tí ẹṣin ń fà dé Routemaster, bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì ti London, ẹ́ńjìnnì tí èèyàn lè fi sípánà tú láìso kọ̀ǹpútà mọ́ ọn.

Ìta ni ọ̀pọ̀ bàálù wà, nítorí náà ẹ mú agboòrùn lọ́wọ́. Tíì àti kéèkì wà. Ẹni tó bá fẹ́ oúnjẹ gidi, kó di mọ́ínmọ́ín rẹ̀ lọ́wọ́ lọ. Bí mọ́tò àtijọ́ bá wù yín ju bàálù lọ, ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún ni kí ẹ lọ, àwọn onímọ́tò àtijọ́ máa ń kó tiwọn wá pé jọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ní àwọn ò ní padà sílé kí àwọn tó rí Morris Minor bíi ti ọ̀gá ilé ìwé àwọn lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi kò tíì gbọ́.