Ìwé ìdánwò phonics Year 1 ní England: ọ̀fẹ́ ni, ó sì sàn ju káàdì títà lọ

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní Year 1 (ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà) ní England, ẹ fi owó yín pamọ́. Káàdì aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà fún phonics, ìyẹn fífi ìró lẹ́tà ka ọ̀rọ̀, kò fi nǹkan kan ju ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá lọ, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba UK. Ẹ óò rí ìwé tí ọmọ máa kà àti ìlànà bí wọ́n ṣe ń máàkì rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ 40 ni ọmọ máa kà sókè fún olùkọ́ ní Oṣù Kẹfà, òun nìkan. Ogún jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi. Ogún yòókù, lẹ́tà tí wọ́n kàn tò pọ̀ ni. Ti ọdún 2012 ní vap, thazz, quemp, snemp àti stroft nínú. Àwòrán ẹ̀dá abàmì kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú wọn, kí ọmọ má baà máa wá ìtumọ̀ kiri. Ó lè ti mọ “phone” sórí látọjọ́ tó ti ń rí i, ṣùgbọ́n ta ló máa ti kọ́ ọ ní “snemp”? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ó ń kà á ni àbí ó ń rántí. Máàkì 32 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ààlà. Ẹni tí kò bá débẹ̀ á tún un ṣe ní Year 2.

Ẹnu àwa òbí gan-an ni wàhálà ti ń wá. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì bíi t tàbí p parí ọ̀rọ̀, kì í sì í to méjì mẹ́ta pọ̀. Bí ìyá bá kọ́kọ́ ka “stroft”, “sítírọ́fútì” lọmọ máa gbọ́. “Vap” á di “fáàpù”, “thazz” á di “táàsì”. Lóòótọ́, ìlànà ní kí olùkọ́ ro ti bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e fún fáwẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi kún un. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ kà á. Tí ẹ bá máa pe ìró s, ẹ pè é ní “sss”, ẹ má pè é ní “sù”.

Ẹ fi bébà bo ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ máa ṣí i ní ìró kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: th-a-zz, mẹ́ta péré. S-t-r-o-f-t, mẹ́fà. Ní “fape”, ẹ fi ìka so a mọ́ e, nítorí ìró kan ni wọ́n jọ jẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọmọ á kà á ní “fap”. Lẹ́yìn náà kó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ka ìró yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan láìpa wọ́n pọ̀, kò gba máàkì. Tó bá tún ara rẹ̀ ṣe, èyí tó sọ kẹ́yìn ni wọ́n máa kà.

Àwọn tó ti mọ̀wé dáadáa gan-an ló máa ń sọ “blurst” di “burst”, nítorí ojú wọn ti ń wá ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí l.

Ohun tí mo kà sí àléébù rẹ̀ ni pé ọmọ lè gba 40 nínú 40 kó má mọ ohun tí “portrait” jẹ́, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ti 2012 kan náà. Ẹ má sì jẹ́ kó ka ìwé kan náà léraléra, á há a sórí. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó lójúmọ́. Tí ẹ bá ti lo ti ọdún méjì, ẹ to lẹ́tà tiyín sórí páálí, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ọdún kan tí ọmọ kò tíì rí de ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò.