Ọdún méjì tí mo fi ń lọ mítìn Rotary n'Íjẹ̀bú Òde: ohun tójú mi rí

Àwọn tó ń bi mí lórí wósáàpù ti pọ̀ jù, pé ṣé káwọn náà wọ Rotary, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ tó ń dáwó ṣe iṣẹ́ àánú fáwọn ará ìlú, ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn, èló ni wọ́n ń gbà, kí ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ gan-an, torí náà ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò ní dárúkọ kíláàbù wa torí màá bú wọn díẹ̀ tó bá yá.

Èmi pọ́ǹpù àti páìpù ni mò ń tà, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ọjà Òkè Àjé. Kọ́sítọ́mà mi kan ló pè mí lọ. Mo ti wà nínú Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwa ojúgbà n'Íjẹ̀bú, tẹ́lẹ̀, mo wà nínú ẹgbẹ́ alájọ, mo tún wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ọkọ mi ní "ẹgbẹ́ wo ló tún kù tí o ò tíì wọ̀?" Kò parọ́ ṣá.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi pè mí. Mo débẹ̀ ní mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún, èmi àti bọ̀ọ̀dá tó ń to àga la jọ ń wo ara wa. Mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú kí prẹ́sídẹ́ǹtì tó lu agogo. Agogo kékeré báyìí ni o, orí tábìlì ló ń gbé, àmọ́ tó bá ti dún gbogbo ẹnu á pa. A kọ orin orílẹ̀-èdè, wọ́n ní kí èmi àlejò dìde sọ orúkọ àti iṣẹ́ mi, wọ́n pàtẹ́wọ́, ló bá kan sájẹ́ǹtì. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa gba fáìnì: o pẹ́ dé, fáìnì, fóònù ẹ dún, fáìnì, o ò lẹ báàjì máyà, fáìnì. Èmi tí mi ò tíì lo wákàtí kan níbẹ̀, ó gba tèmi náà, torí mo pe bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ní "Bàbá". Wọ́n ní Rotarian lorúkọ gbogbo èèyàn níbẹ̀, kò sí bàbá kò sí màmá. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó lè bí mi lọ́mọ, kí n wá máa la orúkọ mọ́ ọn lórí? Mo ṣì ń san fáìnì yẹn títí dòní, mo kúkú máa ń mú un dání láti ilé ni, bàbá yẹn gan-an ló sì máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Ohun tó mú mi padà lọ lọ́sẹ̀ kejì ni ìbéèrè mẹ́rin kan tí wọ́n máa ń kà pọ̀: ṣé òótọ́ ni, ṣé kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ṣé á mú ìrẹ́pọ̀ wá, ṣé á ṣe gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn láǹfààní. Mo rò pé ìwàásù ni, àfìgbà tí wọ́n sọ fún mi pé oníṣòwò bíi tèmi ló kọ ọ́, Herbert Taylor, ní 1932. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ìkòkò aláyọ́mù ní Chicago ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, gbèsè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í pa, ló bá kọ mẹ́rin yẹn káwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ máa fi wọn ọ̀rọ̀ kó tó jáde lẹ́nu. Ọjọ́ kejì kọ́sítọ́mà kan bi mí bóyá pọ́ǹpù kan jẹ́ orígínà, ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun, mo ní "rárá sà, Chinko ni." Kò rà á.

Chicago yẹn náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Rotary ní 23 February 1905, lọ́yà kan tó ń jẹ́ Paul Harris àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta, ọ́fíìsì ara wọn ni wọ́n ń yí ìpàdé ká sí, ibẹ̀ lorúkọ ọ̀hún ti wá. Bí ẹgbẹ́ ìyá mi ṣe ń ṣe nìyẹn, oṣù yìí ilé tiyín, oṣù tó ń bọ̀ ilé tiwa, àwọn ni ò sáà ṣe báàjì. Obìnrin ò gbọ́dọ̀ wọ Rotary tẹ́lẹ̀ o, 1989 ni wọ́n tó yí òfin ẹ̀. Ní tiwa báyìí àwa obìnrin là ń sáré jù.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ẹnu lásán, mo jẹ́rìí sí i. Látọdún 1985 ni wọ́n ti ń bá polio jà kárí ayé, 25 August 2020 ni wọ́n kéde pé polio ojúlówó ti tán ní Áfíríkà, Nàìjíríà wa yìí ló sì kẹ́yìn. Àmọ́ ẹ̀yà kan tó ń ti ara àjẹsára jáde ṣì ń yọjú, ìdí nìyẹn tí a fi ṣì máa ń tẹ̀ lé àwọn nọ́ọ̀sì kiri, ẹ̀kán méjì sẹ́nu ọmọ, ínkì sí èékánná. Agboolé kì í fún wa ní wàhálà, kódà wọ́n á fún wa lómi mu. Ilé onígéètì gíga ni kẹ́ ẹ bi mí, ajá á máa gbó, ẹnì kankan ò ní dáhùn.

Ẹ jẹ́ n wá sọ̀rọ̀ bóhóòlù torí ibẹ̀ ni mo ti gbọ́n. Ọdún tí mo wọlé, a gbẹ́ ọ̀kan sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú. Àwọn kan ní ká lo jẹnẹrétọ̀ torí ó dínwó, mo ní lọ́jọ́ tí epo pẹtiróòlù bá wọ́n omi á dúró nìyẹn, sólà ni kẹ́ ẹ ṣe, kẹ́ ẹ sì fún àwọn òbí ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n gbọ́. Omi yọ, a ya fọ́tò, àwọn tí mi ò rí ní mítìn rí wá dúró níwájú báńà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje lọdún Rotary máa ń yí, prẹ́sídẹ́ǹtì tuntun á gorí àga, ọdún kan péré ló sì ní, ó fẹ́ ṣe ti ẹ̀ kí orúkọ ẹ̀ wà lára ògiri. Nígbà tí pọ́ǹpù yẹn jó lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, mo gbé e dé mítìn, wọ́n ní "prójẹ́ẹ̀tì ti prẹ́sídẹ́ǹtì àná nìyẹn." Inú bí mi débi pé mi ò lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Owó àpò ara mi ni mo fi tún un ṣe. Nígbà tí mo padà, mo ní kí wọ́n máa ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ lọ́dọọdún kí wọ́n tó gbẹ́ òmíràn, ariyanjiyan gba mítìn méjì, ìbò kan péré la fi borí.

Owó wá ńkọ́? Ti kíláàbù wà, ti òkè, ìyẹn Rotary àgbáyé, wà, dọ́là ni wọ́n sì ń ka ti òkè, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, torí náà bí náírà bá ṣe ń bọ́ ni tiyín á máa gun òkè. Ẹ tún kó fáìnì àti àpò ìfẹ́ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá pa mítìn jẹ, ẹ lè lọ jókòó sí ti kíláàbù míì, wọ́n á kà á fún yín, mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní Ṣágámù, ọbẹ̀ tiwọn dáa ju tiwa lọ. Ìgbà Ojúde Ọba ṣá, ẹ má retí èèyàn ní mítìn, aṣọ ẹgbẹ́ ló wà lọ́kàn oníkálukú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ bí àlejò nígbà mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì béèrè ibi tí prójẹ́ẹ̀tì ọdún kẹta sẹ́yìn wà, kẹ́ ẹ lọ fojú ara yín wò ó. Èmi ò tíì kúrò. Mo ti san ti January, ọkọ mi ò tíì mọ̀.