Les Trois Vallées, Zermatt tàbí Arlberg: ibo ni kẹ́ ẹ ná owó síkì yín sí?

Nọ́ńbà gàdàgbà ni wọ́n fi ń ta ìsinmi orí òkè Alps. Les Trois Vallées (Àfonífojì Mẹ́ta) nílẹ̀ Faransé, ojú ọ̀nà síkì kìlómítà 600, ibùdó síkì alásopọ̀ tó tóbi jù láyé. Zermatt ní Switzerland, kìlómítà 360, bí ẹ bá ka apá Cervinia tó wà ní Ítálì mọ́ ọn. Arlberg ní Austria, bíi 300. Ẹ gbé nọ́ńbà yẹn tì ná. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ síkì á máa lọ, á máa bọ̀ lórí ojú ọ̀nà mélòó kan títí ọ̀sẹ̀ á fi parí, ọ̀jáfáfá gan-an ò sì lè rin 600 tán. Ẹ wo bí ìlú tẹ́ ẹ máa sùn ṣe ga tó, bí wọ́n ṣe ń débẹ̀, àti ohun tójú ẹni máa ń rí níbẹ̀ tí ojú ọjọ́ bá dàrú.

Les Trois Vallées: orúkọ kan, ìlú púpọ̀

Páàsì kan náà, ìyẹn káàdì tẹ́ ẹ fi ń wọ ọkọ̀ orí wáyà, ló ṣí gbogbo rẹ̀, àmọ́ àwọn ìlú inú rẹ̀ ò jọra. Val Thorens wà ní mítà 2,300. Kò sí ìlú síkì tó ga tó o ní Yúróòpù. Nítorí náà, yìnyín máa ń wà níbẹ̀ láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù karùn-ún. Àléébù rẹ̀ ni pé igi ò lè hù ní irú gíga bẹ́ẹ̀. Tí kùrukùru bá bò ó, ilẹ̀ funfun, òfurufú funfun, ẹsẹ̀ yín ò ní mọ ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ibi tó tẹ́jú. Atẹ́gùn líle á sì tún dá àwọn àga orí wáyà tó ń gbé èèyàn gun òkè dúró. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Courchevel àti Méribel máa ń wúlò, torí igbó tó yí ọ̀nà wọn ká ń jẹ́ kójú rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n Méribel ò ju mítà 1,450 lọ. Lọ́sàn-án ìparí oṣù kẹta, yìnyín ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ti rọ̀ bí ògì, orúnkún á sì máa sanwó rẹ̀.

Ní Courchevel, ẹ ṣọ́ iye mítà. Le Praz wà ní 1,300, Courchevel Village ní 1,550, Moriond ní 1,650, lẹ́yìn náà ni ibi tí wọ́n ń pè ní 1850, níbi tí àwọn olówó ń sùn. Òkè kan náà ni gbogbo wọn ń gùn, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ sì ń rìn láàárín wọn. Kò sídìí láti san owó 1850 àfi tó bá jẹ́ pé ìlú náà gan-an lẹ fẹ́. Ẹni tówó rẹ̀ ò tó nǹkan lè sùn ní Brides-les-Bains, mítà 600. Ọkọ̀ orí wáyà tí wọ́n ṣe nítorí Òlíńpíìkì 1992 á gbé e dé Méribel láàárín bíi ìṣẹ́jú 25. Ẹ wo aago tí ọkọ̀ náà ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró kẹ́ ẹ tó jáde láàárọ̀.

Olùkọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń lọ ní oṣù kìíní tàbí èkejì, Moriond là bá ní kó lọ. Ẹni tó ń lọ ní oṣù kẹrin, Val Thorens, kò sí àríyànjiyàn.

Zermatt: ẹwà, owó, àti ẹnubodè

Ìlú náà wà ní mítà 1,620, ọkọ̀ orí wáyà rẹ̀ sì ń gun òkè dé 3,883. Yìnyín ayérayé wà lórí níbẹ̀, wọ́n sì ń gun síkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Ọkọ̀ elépo ò wọ ìlú. Täsch ni ẹ ti máa fi mọ́tò sílẹ̀, kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin oníṣẹ́jú 12. Láti Zürich, ọkọ̀ ojú irin á gbé yín dé Zermatt ní bíi wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀.

Cervinia ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán dín owó níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń sọdá lọ jẹun. Àmọ́ orí òkè gíga lẹnubodè wà. Bí atẹ́gùn bá dá àwọn ọkọ̀ orí wáyà dúró, ẹ óò sùn sí Ítálì tàbí kẹ́ ẹ sanwó takisí tó máa yí òkè po fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kí aago méjì tó lù, ẹ ti dojú kọ ilé. Òfin Ítálì tún pọn dandan pé kẹ́ ẹ ní adójútòfò tó máa san gbèsè bí ẹ bá ṣe ẹlòmíì léṣe, láti 2022, ó sì sọ akoto di dandan fún tọmọdé tàgbà láti oṣù kọkànlá 2025. Ẹ má sì gun 3,883 lọ́jọ́ àkọ́kọ́; afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, orí á fọ́ yín.

Arlberg

Ọkọ̀ ojú irin ń dúró láàárín ìlú St. Anton gan-an, bíi wákàtí méjì àbọ̀ sí Zürich. Láti 2016 ni ọkọ̀ orí wáyà Flexenbahn ti so St. Anton pọ̀ mọ́ Lech àti Zürs, àwọn ìlú síkì míì ní Arlberg. Ibi àwọn tó ti mọ̀ ọ́n gùn ni. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń sàmì bí ojú ọ̀nà ṣe le tó. Faransé ní aláwọ̀ ewé fún olùkọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Austria àti Switzerland, orí búlúù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, búlúù St. Anton sì lè dà bíi pupa ibòmíì, tó le ju búlúù lọ. Lech rọrùn jù ú lọ, àmọ́ wọ́n máa ń ti ọ̀nà mọ́tò rẹ̀ nígbà tí yìnyín bá fẹ́ ya lulẹ̀ látorí òkè. Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ kì í tẹ́: ẹnikẹ́ni ò ní bá yín yẹ̀ ẹ́ wò nírọ̀lẹ́.

Ẹni tí kò fẹ́ síkì ńkọ́? Ọ̀nà sílẹ́ẹ̀jì, ohun tí wọ́n ń jókòó lé tí wọ́n fi ń yọ̀ sísàlẹ̀ lórí yìnyín, wà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti Val Thorens tó kìlómítà 6, ti St. Anton tó 4, wọ́n sì ń tan iná sí i lálẹ́ ọjọ́ mélòó kan. Zermatt ní ọkọ̀ ojú irin Gornergrat, tó ti ń gun òkè láti 1898. Ìrìn àjò yẹn nìkan tó ẹni wò.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ má ra páàsì kìlómítà 600 fún ẹni tí kò gun síkì rí. Wọ́n ń ta páàsì àfonífojì kan ṣoṣo, owó rẹ̀ sì dín. Àwọn ará wa tó ń gbé ìlú Ọba pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ṣì nílò físà Schengen, káàdì ìgbélùú UK ò rọ́pò rẹ̀. Adójútòfò 30,000 yúrò tí físà ń béèrè lè máà ka síkì mọ́ ọn. Ẹ ka ìwé náà, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ helikópítà àti ìdóòlà orí òkè. Káàdì GHIC, káàdì ìtọ́jú ìlera UK fún ìrìn àjò, ò san ìyẹn.

Ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ti máa háyà ohun èlò, ẹ sọ ìwọ̀n ara yín bó ṣe rí. Òun ni wọ́n fi ń yí agbára ohun tó de bàtà mọ́ síkì. Ẹni tó bá bù kún un láti fi yangàn, síkì ò ní tú nígbà tó bá ṣubú, orúnkún ló máa lọ́ dípò rẹ̀. Bàtà ni ìnira tó pọ̀ jù ti ń wá. Sẹ̀ńtímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 27 sì sún mọ́ nọ́ńbà 8 ti UK. Tẹ́ ẹ bá nàró, ọmọ ìka gbọ́dọ̀ kan iwájú díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ orúnkún síwájú, kó kúrò níbẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo tó. Ẹni tó wọ méjì fún òtútù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ọmọ ìka rẹ̀, òtútù á sì mú un jùyẹn lọ.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ dirun kẹ́ ẹ tó lọ wọ akoto wò. Kòlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ ló bá a mu. Ṣùkú á gbé akoto sókè kúrò níwájú orí, ibẹ̀ sì lẹ kọ́kọ́ máa fi ṣubú.