Ológbò dúdú tí a gbà ní Battersea: bí iṣẹ́ wọn ṣe rí

Bí ẹ bá ń gbé ní London tí ọkàn yín sì fà sí ajá tàbí ológbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn tó ń polówó ọmọ ẹran lórí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ lọ sí Battersea, àjọ tó ń gba ajá àti ológbò tí kò nílé, tó sì ń wá ilé tuntun fún wọn. Ibẹ̀ la ti gba Àbẹ̀kẹ́, ológbò dúdú tó ń bá màmá mi gbé báyìí, ìtọ́jú tí wọ́n sì fún àwa àti òun tẹ́ mi lọ́rùn gan-an.

Àjọ náà ti pẹ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Tealby ló dá a sílẹ̀ ní Holloway ní 1860, nítorí àwọn ajá tó sọnù tí ebi ń pa kú ní ìgboro. Ìwé ìròyìn The Times fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, àmọ́ wọn ò ṣíwọ́. Ní 1871 wọ́n kó lọ sí àdúgbò Battersea, ní 1883 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ológbò mọ́ ajá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà títí dòní, lẹ́bàá ojú irin.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé wọn kì í kàn gbé ẹran lé ẹni lọ́wọ́. Ìbéèrè wọn pọ̀ bíi ti ẹbí ìyàwó. Ta ló wà nílé? Wákàtí mélòó ni ilé máa ń ṣófo? Ṣé ọmọdé wà? Ṣé ẹ ní ẹran mìíràn? Ṣé onílé fọwọ́ sí i? Inú màmá mi kọ́kọ́ ru. Wọ́n ní, “Ṣé nítorí ológbò ni wọ́n ṣe ń wádìí mi báyìí?” Èmi rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹran tí wọ́n bá fi sílé tí kò bá a lára mu, wọ́n á tún dá a padà ni, ìyà náà á sì di ìlọ́po méjì fún un.

Wọn ò sì fi ohunkóhun pa mọ́ fún wa. Òṣìṣẹ́ tó bá wa sọ̀rọ̀ ní ẹni tó ni ológbò náà tẹ́lẹ̀ ti kú, pé ẹ̀rù ariwo ń bà á, pé kì í fẹ́ kí wọ́n gbé òun, pé ilé tí ọmọ kékeré wà kò lè gbà á. Ó ní ó lè pẹ́ kó tó jẹ́ kí a fọwọ́ kan òun. Kí á tiẹ̀ tó dé orí ìyẹn, àwọ̀ rẹ̀ ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ẹbí. Àbúrò màmá mi pè láti Ìbàdàn: “Ẹ̀gbọ́n mi, ológbò dúdú kẹ̀? Ẹ ṣọ́ra o!” Màmá mi ní, “Èmi tí mo ti sin ọkọ, kí ló tún kù tí ológbò máa gbà lọ́wọ́ mi?” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kì í ṣe àwa nìkan ni àwọ̀ dúdú ń kọ lóminú, nítorí Cats Protection, àjọ mìíràn tó ti wà láti 1927, dìídì ya 27 oṣù Kẹwàá sọ́tọ̀ fún ológbò dúdú láti 2011, kí àwọn ènìyàn lè máa gbà wọ́n sílé.

Àwọn òṣìṣẹ́ Battersea ní yàrá kan ṣoṣo ni ká kọ́kọ́ fi Àbẹ̀kẹ́ sí, ká gbé páálí síbẹ̀ tó lè sá pamọ́ sí, kí yanrìn tó máa yàgbẹ́ sí jìnnà sí oúnjẹ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fà á jáde. Màmá mi á jókòó lórí àpótí, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí páálí náà, wọ́n á máa ka Sáàmù wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Òru ló ń jẹun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló yọ jáde, ó gbóòórùn bàtà wọn, ó sì fi àgbọ̀n lé e. Wọ́n ti kọ́ wa pé bó bá ń wo ẹni, kí èèyàn rọra di ojú, kó sì rọra là á. Màmá ṣe bẹ́ẹ̀, ológbò náà sì dijú padà. Wọ́n pariwo mọ́ mi lórí fóònù pé, “Ó ti kí mi o!” Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan ilé Yorùbá gan-an: àlùbọ́sà àti áyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, ìbáà jẹ́ tútù tàbí èyí tí a ti sè. Nítorí náà, ẹ má bu ọbẹ̀ fún un, ẹ má sì ju orí ẹja inú ọbẹ̀ sí i. Màmá máa ń yọ ẹja tirẹ̀ sọ́tọ̀ báyìí kí ata àti iyọ̀ tó kàn án, wọ́n á sì ṣa egungun kúrò. Parasitámọ́ọ̀lù ń pa ológbò, bó ti wù kó kéré mọ. Òdòdó lílì sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, ẹ má gbé e wọlé rárá.

Ní ti owó, ẹ ó san iye kan kí ẹ tó mú un lọ. Kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un kó má baà lóyún, wọ́n sì ti fi ṣíìpù, ohun kékeré tó ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni ín, sí abẹ́ awọ rẹ̀. Láti 10 oṣù Kẹfà 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ṣíìpù ológbò di dandan, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £500. Bí ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ tètè yí àdírẹ́sì yín padà nínú àkọsílẹ̀ ṣíìpù náà. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ní ṣíìpù ṣì lè padà sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọrùn yín ni ìnáwó wà, dókítà ẹran sì wọ́n púpọ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹni tó ń gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba lè béèrè lọ́dọ̀ PDSA, àjọ tó ń tọ́jú ẹran tó ń ṣàìsàn, tí Maria Dickin dá sílẹ̀ ní Whitechapel ní 1917, bóyá wọ́n á lè bá a tọ́jú ẹran rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú.

Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ ológbò lọ sílé lónìí-lónìí lè bínú, torí ìdúró máa ń wà. Èmi ò kà á sí àléébù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sílé ní Dìsẹ́ḿbà, ẹ ti wá ẹni tó máa dúró ti ẹran náà kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù. Aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ Jàmáíkà ló ní kọ́kọ́rọ́ tiwa, ó sì ti wá jókòó nínú yàrá náà ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan kí màmá mi tó wọkọ̀ òfurufú, kí Àbẹ̀kẹ́ lè mọ òórùn rẹ̀.