Sea moss tí wọ́n ń tà ní Tẹ́júoṣó: ó dáa, àmọ́ okùn ọ̀rá yẹn ò dáa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá sea moss gidi rà, ìyẹn ewéko inú òkun tí wọ́n máa ń jẹ, ẹ lọ bá àǹtí kan tó ń ta èso gbígbẹ ní Tẹ́júoṣó, Yábà. Ọjà wọn mọ́. Gbígbẹ ni, iyọ̀ ṣì funfun lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú ó máa wú, ó máa dẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ ní blẹ́ńdà kẹ́ ẹ gbé e sí fíríìjì, á dì bí ẹ̀kọ. Òórùn òkun díẹ̀ ló máa ń kù, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó ti lọ nìyẹn.

Mo bi wọ́n pé, "Àǹtí, ṣé wọ́n gbin eléyìí ni àbí wọ́n kàn já a nínú òkun?" Wọ́n ní, "Wọ́n gbìn ín ni o, Zanzibar ló ti wá, àwọn obìnrin ló ń gbìn ín níbẹ̀." Òótọ́ sì ni. Láti 1989 ni wọ́n ti ń gbìn ín tà ní erékùṣù Tanzania yẹn, wọ́n á ri igi mọ́ iyanrìn níbi tómi ò ti jìn, wọ́n á ta okùn láàárín ẹ̀, wọ́n á so ẹ̀ka kéékèèké mọ́ ọn, tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó ti tó ká. Kò gba ajílẹ̀, kò gba omi kànga, kódà ìdọ̀tí bíi naitirójìn tó ń ṣàn wọ etíkun ló ń fà mu, ọmọ ẹja á sì ríbi sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀sà wa ṣe dúdú ní Makoko máa mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára.

Ohun tó dùn mí ni pé mo rí okùn ọ̀rá búlúù tó lọ́ mọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń so ó. Èyí tó bá já sómi ńkọ́? Ẹja ló máa gbé e mì. Mo fi han àǹtí, wọ́n láwọn á bá ẹni tó ń kó o wá sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tún kọ ibi tó ti wá sára ọ̀rá ẹ̀.

Ẹ má ra aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní róńdó-róńdó lára o, sargassum nìyẹn, ewéko òkun míì ni, òun ni òkun ń gbé wá sí etíkun wa láti 2011, ó máa ń ní arsenic, ìyẹn májèlé, nínú. Ẹni tó bá ní gẹ̀gẹ̀ kó kọ́kọ́ bi dókítà, torí áyódìn inú sea moss pọ̀.

Owó ẹ̀ wọ́n díẹ̀, àmọ́ ọ̀rá kékeré kan máa ń pẹ́ nílé. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, kì í pẹ́ tán.