Cypridina gbígbẹ fún kíláàsì: odindi ni kí ẹ rà

Ẹ̀yin olùkọ́ PCT (físíìsì, kẹ́místrì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ) àti SVT (ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀) tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), bí ẹ bá fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ ẹranko òkun han àwọn ọmọ, Cypridina gbígbẹ inú ìgò, ẹranko òkun kékeré kan, tó rà. Àmọ́ odindi ni kí ẹ bèèrè. Èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná kò yẹ ìlú etí ọ̀sà.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ẹranko etíkun Japan yìí, tí kò ju bíi 3 mm lọ, ní èròjà méjì lára: luciferin, tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde, àti luciferase, tí ó ń mú iṣẹ́ náà yá. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ara rẹ̀ ń tọ́jú wọn sí. Bí wọ́n bá pàdé nínú omi, ọ́síjìn á mú luciferin, gáàsì CO₂ á jáde, ìmọ́lẹ̀ búlúù tí ìgbì rẹ̀ tó bíi 460 nm á yọ. Nínú èyí tí wọ́n ti lọ̀, méjèèjì ti dàpọ̀; ọ̀rinrin tó bá wọ inú ìgò lè mú kí luciferin tán kí ọjọ́ kíláàsì tó pé.

Ẹ ti fèrèsé, kí ojú àwọn ọmọ mọ́ òkùnkùn fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ lọ bíi ẹyọ 10 nínú odó kékeré tó gbẹ, kí ẹ tó da omi tútù 2 ml sí i. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò tàn.

Ohun tó dára jù lọ nínú ọjà yìí ni pé ó gba àyẹ̀wò tí Raphaël Dubois, ará Faransé, fi Pholas, ẹranko òkun inú ìkarahun, ṣe ní 1887. Ẹ pín Cypridina tí ẹ ti lọ̀ sí méjì. Ẹ po ìdá kan mọ́ omi tútù, kí ẹ dúró títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi kú: luciferin ti tán, ó ku luciferase. Ẹ da omi híhó sí ìdá kejì: luciferase á bàjẹ́ bí funfun ẹyin ṣe ń dì, luciferin á ṣẹ́kù. Ẹ da méjèèjì pọ̀, ìmọ́lẹ̀ á padà. Bí ìdá kejì bá ṣì gbóná, yóò pa luciferase ti àkọ́kọ́. Bí ó bá sì pẹ́ jù nílẹ̀, ọ́síjìn á ti jẹ luciferin rẹ̀. Ẹ gbé e sínú yìnyín, kí ẹ lò ó kíákíá.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀pá oníke tí wọ́n ń ṣẹ́ kí ó tó tàn wá pé ọ̀kan náà ni, ẹ má gbà. Hydrogen peroxide ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò ní luciferase; omi gbígbóná ń mú un tàn sí i ni.

Ìdérí ìgò ni àléébù rẹ̀, kò dí dáadáa. Ẹ fi ìgò náà sínú ike tó dé pinpin pẹ̀lú silica gel, hóró tó ń fa ọ̀rinrin, kí ẹ gbé e sí fìríìjì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ jẹ́ kí ike náà kúrò ní tútù kí ẹ tó ṣí i, torí ìrì máa ń sẹ̀ sára ohun tútù.