Sólà tó ń ṣáájì fóònù: èyí tó ṣeé ká, àbí èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páwà báǹkì?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra sólà kékeré nítorí iná tí kò dúró, oríṣi méjì ni ọlọ́jà máa gbé síwájú yín. Ọ̀kan ni páwà báǹkì tí sólà wà lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì ni pánẹ́ẹ̀lì tó ṣeé ká bí ìwé, tí kò ní bátìrì nínú rárá. Owó ti àkọ́kọ́ ló sábà máa ń kéré díẹ̀, ó sì rọrùn láti kì sápò. Òun ni èmi náà kọ́kọ́ rà, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Páwà báǹkì 20,000 mAh (mAh ni wọ́n fi ń wọn bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó) máa gba nǹkan bíi 74 Wh (ìyẹn wọ́ọ̀tì lọ́nà iye wákàtí) kó tó kún. Sólà ẹ̀yìn rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ; lọ́sàn-án gangan, agbára káká ni yóò fi mú wọ́ọ̀tì 2 wá. Bí ẹ bá rí oòrùn gidi fún wákàtí 5 lójúmọ́, ó máa lé ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó kún. Mo sá tèmi sórí páànù fún ọjọ́ 3. Nínú iná kéékèèké mẹ́rin ara rẹ̀, ẹyọ kan péré ló tàn, ara rẹ̀ sì gbóná débi pé n kò lè dì í mú. Ooru yẹn ló ń ba bátìrì jẹ́, bẹ́ẹ̀ inú oòrùn ni sólà gbọ́dọ̀ wà. Kò yẹ ká so àwọn méjèèjì pọ̀.

Pánẹ́ẹ̀lì tó ṣeé ká, tí wọ́n kọ wọ́ọ̀tì 21 sí, lè mú nǹkan bíi 12 sí 15 wá bí oòrùn bá dáa. Fóònù 5,000 mAh lè kún láàárín wákàtí 2. Aléébù rẹ̀ ni pé bí ìkùukùu bá bo oòrùn, iná á já, àwọn fóònù mìíràn kì í sì padà gba iná dáadáa àfi kí ẹ yọ okùn, kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ ra páwà báǹkì lásán kún un. Kí sólà máa bọ́ ọ lọ́sàn-án, kí òun bọ́ fóònù lóru. Abẹ́ òjìji pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú páwà báǹkì náà sí.

Ẹ ṣọ́ra fún òjìji lórí pánẹ́ẹ̀lì o. Ẹ̀ka igi tó bo igun kan ṣoṣo lè gé iná náà sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n to àwọn ègé inú rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Láàárọ̀, ẹ kọjú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Lọ́sàn-án, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, torí orí wa gan-an ni oòrùn máa ń wà. Ẹ má fi sẹ́yìn gíláàsì mọ́tò. Nígbà ọyẹ́, aṣọ tútù lẹ máa fi nu eruku rẹ̀ láràárọ̀. Okùn kúkúrú tó nípọn ló dáa jù.

Lọ́jà, ẹ gbé páwà báǹkì wò lọ́wọ́: 20,000 mAh tòótọ́ máa ń lé ní 300 giramu. Bí wọ́n bá ní sólà tó tó àtẹ́lẹwọ́ ń mú wọ́ọ̀tì 20 wá, ẹ má sanwó. Gbogbo agbára oòrùn tó ń bọ́ sórí àyè tó kéré tó bẹ́ẹ̀ gan-an kò tó wọ́ọ̀tì 20.